Ìyá Ṣúgà Yọ Àwọ̀ Ìyeyè

Àtìní, ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá, 1996

Kọ̀ǹpútà dé sí láàbù ilé ìwòsàn wa lónìí. Páálí mẹ́ta. Wáyà bí ìfun ewúrẹ́. Olúdáre ló gbé e wá láti Ìbàdàn – ọ̀dọ́kùnrin tín-ín-rín, kì í jẹun tó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fi wáyà so ẹ̀rọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn: èyí tó ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ (Ìyá Ṣúgà ni mò ń pè é), èyí tó ń ka hóró ẹ̀jẹ̀, fíríìjì ẹ̀jẹ̀, àti àpótí gbígbóná tí a fi ń sin kòkòrò àìsàn kí a lè mọ irú wọn. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní ilé tirẹ̀. Bí ara ẹ̀rọ bá dá, ilé rẹ̀ á ní àwọ̀ ewé. Bí nǹkan bá ń ṣe é, àwọ̀ ìyeyè. Bó bá ti dákú, pupa.

Kí a tó ṣíwọ́ mo ti sọ kọ̀ǹpútà náà lórúkọ. Olófòófó.

Àwòdì dúró lẹ́yìn wa, wọ́n káwọ́ sẹ́yìn. Bàbá Sàlíhù, ọ̀gá mi, ni Àwòdì – inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀. Tìtorí ojú wọn ni. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, wọ́n á rí kòkòrò ibà kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ tí gbogbo wa ti wò tì. Olúdáre ní kí wọ́n sún mọ́ ọn kí wọ́n wò ó. Wọ́n kàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀yìn Ìyá Ṣúgà. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, bí ara èyí bá gbóná, ọwọ́ mi á ti gbọ́ kí tìrẹ tó fọhùn."

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹsàn-án

Ẹ̀kọ́ láti àárọ̀ títí di Àsárì. Ẹnì kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà. Bàbá, ení. Èmi, èjì. Ìdòwú, ẹ̀ta. Ohunkóhun tí a bá tẹ̀, Olófòófó á kọ ọ́ sílẹ̀: aago mélòó, ẹ̀rọ wo, ọwọ́ ta ni.

Láràárọ̀, Ìyá Ṣúgà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu omi òṣùwọ̀n, ìyẹn omi tí a ti mọ iye ṣúgà inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bó bá kà á re, àwọ̀ ewé. Bó bá kà á ṣì, ìyeyè, bọ́tìnnì méjì á sì jáde. Èkíní: tún un wọ̀n. Èkejì: fojú fò ó.

Dókítà Modúpẹ́ – ọ̀gá gbogbo láàbù, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ mi ni – tún iṣẹ́ pín. Ìdòwú tó máa ń jókòó ti Bàbá láràárọ̀, tó ń ka nọ́ńbà sókè kí Bàbá kọ ọ́, ó lọ sídìí fíríìjì ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní kọ̀ǹpútà ti di ẹnì kejì Bàbá, òun ni yóò máa ka èsì, tí á sì máa kọ ọ́.

 Bàbá ń fi etí agbádá nu gíláàsì ojú wọn. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń nù ún.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹwàá

Kò síná. Jẹnẹrétọ̀ náà kọ̀. Olófòófó panu mọ́ látàárọ̀.

Àtìní, ọjọ́ kẹrìnlá

Fíríìjì yọ ìyeyè! A sáré lọ wò ó – ìgò mínírà ni Ìdòwú tì sáàárín ẹ̀jẹ̀ kó lè tutù, ilẹ̀kùn ò sì pa dé. Ó bura pé òun ò mọ̀ nípa rẹ̀. Olófòófó ti kọ ọ́: nọ́ńbà ẹ̀ta ló ṣílẹ̀kùn gbẹ̀yìn. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ògiri ni wọ́n kọjú sí, wọn ò wo kọ̀ǹpútà. Mo rí i, mi ò rò ó síbì kan.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Bàbá na fọ́ọ̀mù kan sí mi. "Màsú, bá mi ka èyí, mo gbàgbé gíláàsì sílé." Gíláàsì ọ̀hún ń fì láyà wọn.

Mo kà á. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ? Nígbà tí mo parí Kùránì, tí mo ṣe wòlímọ̀t, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, Bàbá mi ní ó ti tó, ọkọ ló kù. Àfáà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kì í yẹ̀. Jímọ̀ mẹ́ta léra ni Bàbá Sàlíhù wá sílé wa ní Ìpàta lẹ́yìn ìrun, tí wọ́n jókòó lórí awọ àgbò níwájú Bàbá mi. Jímọ̀ kẹta, mo gbọ́ wọn láti ẹ̀yìn aṣọ ojú ọ̀nà. "Àfáà, ọmọbìnrin yìí ní ojú tó ń rí nǹkan. Àmáánà ni, ohun tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ wa. Ẹ jẹ́ n bá yín tọ́jú rẹ̀."

Ojú tó ń rí nǹkan. Èmi.

Àtìní, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ kí n tó sùn.

Olúdáre ní ká máa tẹ àkọsílẹ̀ Olófòófó jáde sórí ìwé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án yìí. Ìyá Ṣúgà, ìyeyè. Àárọ̀ Àtàláátà tó kọjá: ìyeyè. Nọ́ńbà ení tẹ bọ́tìnnì kejì. Àlàrùbá: ìyeyè, nọ́ńbà ení, bọ́tìnnì kejì. Bẹ́ẹ̀ náà títí di àárọ̀ òní, àfi Àlàádì tí a kì í ṣiṣẹ́. Àárọ̀ mẹ́fà. Fojú fò ó, fojú fò ó, fojú fò ó.

Mo kọ́kọ́ rò pé Olófòófó ló ń parọ́. Mo bu omi òṣùwọ̀n fún Ìyá Ṣúgà fúnra mi. Iye tó yẹ kó kà jẹ́ mẹ́wàá. Ó ka mẹ́fà. Mo tún bù ú. Mẹ́fà.

Mo tún òṣùwọ̀n rẹ̀ ṣe. Ó padà di àwọ̀ ewé. Ti iṣẹ́ ọ̀la nìyẹn. Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Mo ṣí rẹ́jísítà. Ẹni mẹ́tàléláàádọ́ta la ti wọn ṣúgà wọn lọ́jọ́ mẹ́fà yẹn. Gbogbo wọn, a ti sọ iye tó kéré sí òótọ́ fún wọn. Mo fi ìka tọ orúkọ wọn lọ sísàlẹ̀. Ọ̀kan dá mi dúró: Sàfúrátù, aboyún oṣù méje, láti abúlé kan lẹ́yìn Máléte. Wọ́n bá ṣúgà nínú ìtọ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi rán an sí wa kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. A kọ ọ́ pé kò sí nǹkan. Wọ́n ní kó máa lọ sílé.

Gbogbo wọn ti lọ. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú Olófòófó. Olúdáre ti fi bí a ṣe ń pa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́ hàn mí. Mo ṣí ibẹ̀. Ó bi mí: ṣé ó dá ọ lójú? Mo jókòó tì í, ìka mi lórí bọ́tìnnì. Ọdún méjì ló kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ọdún méjì péré.

Mi ò pa á rẹ́. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo wọkọ̀ lọ sílé mi ní Tanke bí olè.

Àtàláátà, ọjọ́ kejìlélógún

Mo ti sọ.

Kí a tó kí ìrun Àílà, mo bá Bàbá ní ẹ̀yìn láàbù níbi tí wọ́n ti ṣe àlùwàlá tán. Wọ́n ń wá ìdérí kẹ́tùlù. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ọwọ́ wọn ń rá lórí kọnkéré, lọ sọ́tùn-ún, lọ sósì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe. Mo kúnlẹ̀, mo fi í lé wọn lọ́wọ́.

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀ ń rí mi?"

 Wọ́n ní, "Mo mọ ohùn ẹ."

Mo ní ìyẹn kọ́ ni mo bi yín.

Ni wọ́n bá jókòó sórí òkúta ibẹ̀. Wọ́n ní ojú ọ̀tún ti lọ láti ọdún tó kọjá. Òsì ni wọ́n fi ń ṣe é, ṣùgbọ́n kùrukùru ló kù níbẹ̀, bí ẹni tó ń wo ìta láti inú ọyẹ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí lójú kọ̀ǹpútà. Wọn ò mọ̀ pé ìyeyè ni. Bọ́tìnnì kejì ló ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ojú rẹ̀ kúrò, wọ́n rò pé ìyẹn ni pé ó ti gbà. "Mo rò pé ọwọ́ mi á gbé mi dé ọjọ́ ìfẹ̀yìntì, Màsú. Ojú tì mí láti béèrè."

Mo sọ fún wọn nípa àárọ̀ mẹ́fà. Wọ́n bi mí pé ènìyàn mélòó. Mo ní mẹ́tàléláàádọ́ta. Wọ́n ní, "Lá ìláhà." Ohùn wọn ò ju ti ọmọdé lọ.

Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì péré, èmi àti Ìdòwú á pe àwọn ènìyàn yẹn padà ní kọ́lọ́fín, a ó ní ẹ̀jẹ̀ wọn ló dà nù. Dókítà ò ní mọ̀. Wọ́n gbé ojú sókè sí mi – ojú tí kò rí mi.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

Mo ní àná.

"Àná! O sì sùn?"

Wọn ò pariwo. Wọ́n dìde, wọ́n na ọwọ́, mo fi èjìká mi sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ sọ́dọ̀ Dókítà, nísinsìnyí, kí omi àlùwàlá tó gbẹ lára àwọn.

Inú yàrá Dókítà Modúpẹ́, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sọ ọ́, látòkèdélẹ̀. Wọn ò fi ẹ̀bi kan sí kọ̀ǹpútà, wọn ò fi sí Ìdòwú tí wọ́n gbé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà bínú, ojú ẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin, Bàbá!" 

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ìdòwú mú àwọn ará ìlú, ó gun ọ̀kadà láti àárọ̀. Èmi mú Máléte. Bàbá ní àwọn ń bá mi lọ. Dókítà ní rárá. Wọ́n ní, "Èmi ni mo sọ fún un pé kò sí nǹkan. Ẹnu mi náà ni kó ti gbọ́ ọ."

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀ ní Máléte, a fi ẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín oko iṣu. Wọ́n di etí ìborùn mi mú. Bí mo bá rí kòtò màá ní, "kòtò," wọ́n á sì gbẹ́sẹ̀ ga. Èmi ni mò ń ṣíwájú ọ̀gá mi. Ojú mi ń kún, mo dúpẹ́ pé wọn ò rí i.

Sàfúrátù jókòó lábẹ́ máńgòrò, ètè rẹ̀ bó. Igbá omi wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí a tó kíra tán, ó ti mu ún gbẹ, ó tún ní kí ìyá ọkọ òun bu òmíràn. Wọ́n ránṣẹ́ pe ọkọ rẹ̀ lóko. Múdàṣírù lorúkọ rẹ̀, ó ga, ọkọ́ wà léjìká rẹ̀.

Bàbá ò jókòó sórí àga tí wọ́n gbé kalẹ̀. Wọ́n lóṣòó.

"Orúkọ mi ni Sàlíhù. Èmi ni mo yẹ ẹ̀jẹ̀ ìyàwó yín wò. Wọ́n kọ ọ́ fún yín pé kò sí nǹkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ojú mi ti lọ, mo sì fi pamọ́. Ó ṣeé ṣe kí ṣúgà pọ̀ lára rẹ̀, kí ó sì ṣe òun àti ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá. Ìdáríjì, ẹ ṣì mú un dání. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé e lọ."

 Mo ń wo ọkọ́ yẹn.

Múdàṣírù ní, "Ta ló rán yín wá?"

Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó rán mi."

Ọkùnrin náà wò wọ́n títí. Ó sọ ọkọ́ kalẹ̀, ó wọlé. Bàtà ìyàwó rẹ̀ ló mú jáde. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un lẹ́sẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹsẹ̀ ti wú.

Àlàmísì, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ṣúgà Sàfúrátù: mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju mẹ́jọ lọ. Wọ́n ti gbà á sí wọ́ọ̀dù, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ínsúlìn. Ọkàn ọmọ ń lù. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí n fi etí gbọ́ ọ. Bí ẹṣin tó ń sáré lókèèrè.

Àtìní, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A ti rí gbogbo wọn àfi mẹ́rin. Àwọn méjì míì ló nílò oògùn, wọ́n ti ń lò ó. Alihamudulilai.

Dókítà pè wá. Bàbá ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èsì aláìsàn mọ́ láéláé. Wọ́n ní, "Ó tọ́." Ó wá yíjú sí mi. Ó ní òun lóye gbogbo rẹ̀ tán, àfi ọjọ́ kan tí mo fi dákẹ́. Ó fún mi ní lẹ́tà ìkìlọ̀. Mo gbà á. Ó tọ́ sí mi. Bí mo ṣe ń jáde mo gbọ́ tó ń fun imú – ọwọ́ Bàbá lòun náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú.

Àlàmísì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Èmi àti Asabe, ìyàwó Bàbá, la tẹ̀ lé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Omi inú ojú ló ti ń fún iṣan pa láti ọjọ́ pípẹ́. Èyí tó ti lọ ò ní padà. Oògùn kíkán lè dá ìyókù dúró, tí Ọlọ́run bá fẹ́.

Asabe ti mọ̀. Ó ní láti ọdún tó kọjá lòun ti ń dá ọgbọ́n kí àwọn ọmọ má baà fura: àga ò gbọdọ̀ kúrò níbi tó wà, iyọ̀ lọ́tùn-ún, ata lósì. "Mo rò pé mò ń bo àṣírí ọkọ mi ni." Ó di ọwọ́ Bàbá mú láti ibẹ̀ délé. Mi ò rí wọn tí wọ́n dira wọn lọ́wọ́ mú lójú títì rí.

Àtàláátà, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kọkànlá

Olúdáre padà wá láti tún prógíráàmù ṣe. Báyìí, bọ́tìnnì kejì ò ní ṣiṣẹ́ àyàfi tí ẹlòmíì bá tún tẹ nọ́ńbà tirẹ̀. Ó ti fẹ́ máa lọ nígbà tí Bàbá pè é.

"Ọmọ mi, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ lo kó fún ojú. Bí a bá kẹ̀yìn sí i ńkọ́? Bí a bá wà ní yàrá kejì?"

Olúdáre dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. Èmi ni ó yẹ kí n ti rò ó." Ó tún tú irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀.

Títí di Àsárì ni wọ́n fi ń yan ohùn fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ́kùnrin náà ń tẹ̀, Bàbá di ojú wọn, wọ́n ń mi orí. "Èyí jọ ẹyẹ, a ò ní kà á sí." "Èyí le jù, á já aláìsàn láyà." Fíríìjì gba ohùn gígùn kan. Ìyá Ṣúgà gba kúkúrú mẹ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ bu omi lásán fún un. Ó yọ ìyeyè, ó ké. Ìdòwú sáré jáde láti yàrá kejì. Bàbá rẹ́rìn-ín – láti ọjọ́ kejìlélógún, èyí ni àkọ́kọ́.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹjọ

Lẹ́yìn ìrun, Bàbá lọ kí Sàfúrátù ní wọ́ọ̀dù. Múdàṣírù fún wọn ní àga. Wọ́n jókòó sí i lọ́tẹ̀ yìí.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Bàbá ní kí n bá wọn kọ lẹ́tà ìfẹ̀yìntì. Wọn ò dúró de ọdún méjì. Wọ́n ń pè é, mò ń kọ ọ́. Mo fi "àìlera" sí ibì kan, wọ́n ní kí n kà á padà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́. "Kọ pé ojú mi fọ́, mo sì pẹ́ kí n tó sọ." Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo di ọwọ́ wọn mú lọ síbi tí wọ́n á ti fọwọ́ sí i.

Àlàrùbá, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ọmọ dé! Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gbé e jáde láàárọ̀. Obìnrin. Ó tóbi. Ó sunkún díẹ̀, ó dákẹ́, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n sáré gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wá fún mi, ẹ̀kán díẹ̀ báyìí nísàlẹ̀ ìgò.

Àwọ̀ ewé ni Ìyá Ṣúgà. Mo mọ̀. Síbẹ̀ mo tún bu omi òṣùwọ̀n fún un kí n tó fi ẹ̀jẹ̀ ọmọ yẹn sí i. Mẹ́wàá. Ó pé. Mo wá wọn ti ọmọ: ṣúgà rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù. Mi ò dúró tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Mo sáré gba àárín àgbàlá, sálúbàtà mi kan bọ́ sílẹ̀, mo fi ẹnu sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n fi omi ṣúgà sí i ní iṣan.

Ní aago méjì, mo tún wọ̀n ọ́n. Ó ti gòkè. Ó ń mu ọyàn.

Mo lọ jókòó ní ẹ̀yìn láàbù, mo sunkún dáadáa.

Àlàmísì, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá

Wọ́n ti ṣe súná. Hàlímá lorúkọ ọmọ. Òní ni wọ́n dá wọn sílẹ̀ láti wọ́ọ̀dù, Múdàṣírù sì wá sí láàbù wá béèrè ilé Bàbá. Mo gbàyè lọ́wọ́ Dókítà, mo mú wọn lọ.

Bàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú oòrùn àárọ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo ní, "Bàbá, Màsú ni. Mo mú àlejò wá." Sàfúrátù kúnlẹ̀ kí wọn. Kò bá wọn sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé ọmọ lé wọn lẹ́sẹ̀, ó gba ọwọ́ wọn, ó fi í sábẹ́ orí ọmọ náà.

Múdàṣírù ní, "Bàbá, ẹ ní ká mú ìdáríjì dání nígbà yẹn. A ti mú un wá."

  Bàbá kọjú síbi tí mo wà.

"Màsú. Báwo ló ṣe rí?"

Mo ní ó rẹwà, ó dà bí oṣù.

Wọ́n ní, "Gbogbo ọmọ ló ń dà bí oṣù. Sọ ohun tí o rí."

Mo wá sún mọ́ ọn. Mo wò ó dáadáa. Mo ní irun rẹ̀ pọ̀ ní iwájú, ó fọ́n ní ìpàkọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tóbi. Etí òsì rẹ̀ ká wọnú díẹ̀, bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ojú abẹ́rẹ́ kan wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ti ń san. Ó di ìkúùkù ọ̀tún. Ti òsì ṣí sílẹ̀. Mo ní ó la ojú. Mo ní ẹ̀yin ló ń wò.

Bàbá fi ìka kan wá etí òsì yẹn, wọ́n rí i, wọ́n fi ìka náà ra á jẹ́jẹ́. Asabe ń nu ojú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà náà ni ọmọ tọ̀ sí wọn lára, ó gba agbádá wọn tútù. Sàfúrátù kígbe, Asabe sáré mú aṣọ wá, ó ní ẹ jẹ́ n gbà á. Wọ́n ní rárá. Wọ́n gbá a mọ́ra. Bí mo ṣe ń padà síṣẹ́, wọn ò tíì gbé e sílẹ̀.